Ṣé dandan ni ká dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì tá a bá ń gun kẹ̀kẹ́ ní Lakefront Trail, ọ̀nà etí adágún Michigan nílùú Chicago?
Rárá o, ìpínlẹ̀ Illinois ò ní òfin hẹ́límẹ́ẹ̀tì kankan fáwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, àtọmọdé àtàgbà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ dé e. Lóòótọ́ mọ́tò kì í gba ibẹ̀, wọ́n sì ti ya ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sọ́tọ̀ sí tàwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn láti 2018, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó le ni, ẹnì kan lè ṣàdédé fa ajá yà síwájú yín, okùn ajá á há sí táyà, ẹ ti dèlẹ̀ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wá CPSC, ìyẹn àmì pé ó bá ìlànà ààbò ìjọba Amẹ́ríkà mu, lára sítíkà inú ẹ̀. Bí ìka méjì péré ni kó wà láàárín ẹ̀ àti irun òkè ojú, kẹ́ ẹ sì de okùn ẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n, torí èyí tẹ́ ẹ kàn gbé lérí láìdè, fìlà lásán ni jàre. Èyí tó bá ti forí gbálẹ̀ rí, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kódà tí ò bá sán.