Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Mo ń gun Box Hill láìmí gúlegúle. Ṣé kẹ̀kẹ́ mi yóò gun òkè Rocamadour?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, Box Hill sì ni mo máa ń fi kẹ̀kẹ́ gùn lópin ọ̀sẹ̀. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ lọ gun kẹ̀kẹ́ fọ́jọ́ mẹ́ta ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé nínú oṣù kẹfà. A ó gbéra ní Cahors, a ó gba Saint-Cirq-Lapopie dé Figeac, a ó lọ sí Rocamadour, a ó sì padà sí Cahors. Kẹ̀kẹ́ mi ní eyín 52 àti 36 níwájú, 11 sí 28 lẹ́yìn. Ohun èlò jíà rẹ̀ jẹ́ Shimano 105 R7000, bíréèkì rẹ̀ ń di ríìmù mú, taya rẹ̀ sì fẹ̀ ní mílímítà 25. Èmi fúnra mi wọn kìlógíráàmù 75. Wọ́n ní òkè ibẹ̀ kò ga, síbẹ̀ àwọn tó ti lọ ń sọ pé orúnkún ló ń dùn wọ́n tí wọ́n bá dé. Kí ni kí n tún ṣe lára kẹ̀kẹ́ yìí, kí ló sì yẹ kí n mọ̀ kí n tó lọ?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni pé òkè ibẹ̀ kò ga. Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, wọ́n sì ga lójijì. Ohun tó ń ba orúnkún jẹ́ níbẹ̀ ni jíà tó le jù, kì í ṣe àìlágbára ẹlẹ́sẹ̀. Jíà tí ẹ kọ sílẹ̀ yìí le jù fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí. Orí òkúta ẹfun ni apá tó pọ̀ jù nínú agbègbè Lot, ibi tí ẹ ń lọ yìí, wà. Òkè pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní causse ni, odò Lot àti odò Célé sì ti gbẹ́ àfonífojì jíjìn sínú rẹ̀. Létí odò, ọ̀nà tẹ́jú. Lórí causse, ó tún fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Àárín méjèèjì ni iṣẹ́ wà: ẹ ó gùn ún, ẹ ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó tún gùn ún. Àwọn ìlú àtijọ́ náà kò sì sí níbi tó rọrùn. Ogun ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn gun orí àpáta, gẹ́gẹ́ bí ogun ṣe gbé àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ. Saint-Cirq-Lapopie wà ní bí 100 mítà lókè odò Lot, Rocamadour sì lẹ̀ mọ́ ara àpáta gan-an. Ibi tí ọ̀tá kò ti ní lè sáré wọ̀lú ni wọ́n ń wá nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí kìlómítà tó kẹ́yìn kí ẹ tó wọ ìlú fi sábà máa ń le jù, nígbà tó ti rẹ ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú òkè kan ṣe ìṣirò. Lọ́dún 2022, ìpele ogún Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá Faransé, jẹ́ eré ẹnìkan-ṣoṣo láti Lacapelle-Marival dé Rocamadour, kìlómítà 40.7, Wout van Aert ló sì gbégbá orókè. Òkè L'Hospitalet ló parí rẹ̀: kìlómítà 1.5, gíga rẹ̀ 7.8%, ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún mítà tí ẹ bá rìn, ẹ ó gòkè bí mítà 8. Box Hill gùn jù ú lọ, bí kìlómítà 2.5, ṣùgbọ́n bí 5% péré ni. Ẹ wá gbé e pé ẹ̀yin, kẹ̀kẹ́, omi àti báàgì kékeré jẹ́ kìlógíráàmù 90. Pẹ̀lú 36 níwájú àti 28 lẹ́yìn, tí ẹ bá ń yí ẹsẹ̀ ní ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, eré yín yóò jẹ́ bí kìlómítà 9.9 ní wákàtí kan, iṣẹ́ tí ẹ ó sì máa ṣe yóò tó wáàtì 210. Tí ẹ bá fi 34 sẹ́yìn, ẹsẹ̀ kan náà yóò fún yín ní kìlómítà 8.1 ní wáàtì 170. Ẹ ó fi bí ìṣẹ́jú méjì pẹ́ kí ẹ tó dókè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò lè rí wáàtì 210 mú jáde kì í sọ̀ kalẹ̀ o. Ńṣe ló máa ń yí ẹsẹ̀ ní 45 tàbí 50, tí gbogbo agbára ìtẹ̀ á wá jókòó sórí orúnkún. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́ fọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ ó mọ ohun tí àwọn tó ti lọ ń sọ.

Nítorí náà, ẹ ra káséètì, ìyẹn àkójọ eyín ẹ̀yìn, 11 sí 34. Kí ẹ tó san owó, ẹ wo apá jíà ẹ̀yìn yín, ìyẹn apá tó ń gbé ṣéènì láti eyín kan sí òmíràn. Ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ SS tàbí GS sí. SS kúrú, kò gbà ju eyín 30 lọ. GS gùn, ó gba 34. Àpapọ̀ ìyàtọ̀ eyín iwájú àti ti ẹ̀yìn tí GS lè gbà jẹ́ 39: ìyàtọ̀ eyín yín níwájú jẹ́ 16, ti ẹ̀yìn yóò jẹ́ 23, àpapọ̀ wọn 39 géérégé. Ó gbà á, ṣùgbọ́n kò sí àyè kankan tó ṣẹ́kù. Bí tiyín bá jẹ́ SS, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí GS. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé SS á “gbìyànjú” gbé 34. Ibi tó ti máa ń kùnà ni orí òkè, tí rólà rẹ̀, àgbá kékeré tí ṣéènì ń gbà kọjá, á máa fara gbo káséètì.

Káséètì 11 sí 34 ti Shimano, HG700 tàbí HG800, ní àṣírí kan tó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín wíìlì tí káséètì ń wọ̀, ti kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà onípele 11 fẹ̀ jù ú lọ, nítorí náà wáṣà mílímítà 1.85 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ lè di nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi ro yín, káséètì náà yóò ṣì máa mì jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀, jíà yóò sì máa fò. Ṣéènì tuntun náà pọn dandan, torí ti tẹ́lẹ̀ yóò kúrú. Ẹ fi ṣéènì yí eyín tó tóbi jù níwájú àti èyí tó tóbi jù lẹ́yìn ká láìkọjá nínú apá jíà, ẹ wá fi ìsopọ̀ 2 kún un, ibẹ̀ ni kí ẹ ti gé e. Lẹ́yìn náà, ẹ yí skúrù B tó wà lẹ́yìn apá jíà títí rólà òkè yóò fi kúrò lára eyín 34 díẹ̀. Ẹ ṣe gbogbo èyí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó lọ. Ẹ má ṣe é lálẹ́ ọjọ́ ìrìnàjò, nítorí bí ẹ bá pààrọ̀ okùn jíà, tuntun máa ń fà díẹ̀ lẹ́yìn 100 tàbí 200 kìlómítà, ó sì máa ń béèrè àtúnṣe.

Taya 25 yóò gbé yín lọ, ṣùgbọ́n 28 ni mo fẹ́ kí ẹ lò bí fọ́ọ̀kì àti férémù bá gbà á, kí àyè bí mílímítà 4 sì ṣẹ́kù lápá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà ojú ọ̀nà àwọn ìgbèríko ibẹ̀ rí gbágungbàgun, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń dà lé e. Fún ìwọ̀n yín, afẹ́fẹ́ taya psi 75 níwájú àti 80 lẹ́yìn ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ 110 ló máa ń gbọ̀n títí ọwọ́ yóò fi kú, kò sì yára jù yín lọ.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Gígun òkè kì í pa ẹnikẹ́ni lára níbẹ̀, ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ṣe é. Bíréèkì tó ń di ríìmù mú máa ń sọ gbogbo eré yín di ooru sára ríìmù. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìtú u sílẹ̀, ooru yẹn kò ní ibi tí yóò gbà jáde. Afẹ́fẹ́ inú túùbù á gbóná, á fẹ̀. Bí ríìmù bá jẹ́ kábọ́ọ̀nù, ó lè rọ̀, ó sì lè là. Bí kábọ́ọ̀nù ni tiyín, ẹ yá wíìlì alumíníọ̀mù fún ìrìnàjò yìí. Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sáré níbi tí ọ̀nà ti tọ́, kí ẹ tẹ bíréèkì méjèèjì dáadáa kí ẹ tó dé kọ́nà, pàápàá tiwájú, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ òde kọ́nà ni kó wà nísàlẹ̀, kí ìwúwo ara wà lórí rẹ̀. Ojú kì í wo ilẹ̀ iwájú taya. Ibi tí ẹ ń lọ ni kí ó máa wò. Ẹ yẹ páàdì bíréèkì wò kí ẹ tó kúrò nílé: bí ihò gígùn ojú rẹ̀ bá ti parẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, bí ẹ̀rún alumíníọ̀mù bá sì há sí i, ẹ fi ọ̀bẹ yọ ọ́, torí òun ló ń ha ríìmù. Tí òjò bá rọ̀, bíréèkì yóò kọ́kọ́ nu omi kúrò kó tó mú, ẹ tètè tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá rí àmì tí wọ́n kọ “gravillons” sí, ẹ dín eré kù lójú ẹsẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ tuntun ni, tí kò tíì lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Lórí rẹ̀, ẹ má yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lójijì, ẹ má sì tẹ bíréèkì iwájú nínú kọ́nà.

Ọ̀nà náà wá. Ọjọ́ kìíní: ẹ jáde ní Cahors lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo Pont Valentré, afárá onílé-ìṣọ́ mẹ́ta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1308. Ẹ tẹ̀ lé odò lórí ọ̀nà D653 dé Vers, ẹ bọ́ sórí D662 dé Bouziès, ẹ sọdá, kí ẹ sì gba D40 gòkè lọ sí Saint-Cirq. Nínú ìlú náà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ máa ti kẹ̀kẹ́. Òpópónà rẹ̀ tóóró, òkúta ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà kẹ̀kẹ́ sì máa ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ padà sísàlẹ̀, ẹ gba Conduché wọ D41, ọ̀nà àfonífojì Célé, títí dé Figeac. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀: ó tẹ́jú, òjìji pọ̀, ọkọ̀ kò pọ̀. Bí kìlómítà 75 sí 80 ni ọjọ́ yẹn. Figeac ni wọ́n ti bí Champollion lọ́dún 1790, ẹni tó tú ìwé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Ọjọ́ kejì, Figeac sí Lacapelle-Marival sí Rocamadour, bí 60. Ọjọ́ kẹta, ẹ gba Labastide-Murat padà sí Cahors, bí 60 mìíràn lórí causse.

Lórí causse yìí, omi ni kí ẹ bẹ̀rù. Òkúta ẹfun kì í dá omi dúró: òjò a rọ̀, a sì wọ ilẹ̀ lọ. Ihò Padirac, tó jìn ní mítà 103, kò jìnnà sí Rocamadour, odò sì ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ òkè gbẹ. Ẹ lè rin kìlómítà 20 láìrí ibi tí ẹ ó ti pọn omi. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gbé ìgò méjì, mílílítà 750 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó kún kí ẹ tó kúrò nílùú kọ̀ọ̀kan. Nínú ooru, ẹ ó mu bí ìdajì lítà sí mílílítà 750 ní wákàtí kan. “Eau potable” lára ẹ̀rọ omi túmọ̀ sí pé ó ṣe é mu. “Non potable” kò ṣe é mu.

Oúnjẹ náà ní àkókò tirẹ̀. Láàárín agogo 12 sí agogo 2 ọ̀sán ni wọ́n ń ta oúnjẹ ọ̀sán ní ilé oúnjẹ ìgbèríko. Bí ẹ bá dé ní agogo 2 ààbọ̀, ilé ìdáná ti pa. Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ kékeré ń tilẹ̀kùn ní ọ̀sán bákan náà, wọn kì í sì í ṣí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tàbí ọjọ́ Ajé. Ẹ ra búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ láàárọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ní bí gíráàmù 25 èròjà agbára, gíráàmù 40 sí 60 sì ni ẹ nílò ní wákàtí kan. Ẹ máa jẹ díẹ̀díẹ̀ láti wákàtí àkọ́kọ́, kí ẹ má dúró de ebi.

Òfin ìrìnnà ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà. Nínú ìlú, níbi tí kò bá sí àmì kankan, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ọ̀tún yín ló ni ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú kọ̀rọ̀ kékeré ló ti yọ. Ojú tó ti mọ́ ọ̀nà gẹ̀ẹ́sì lè gbàgbé èyí pátápátá. Owó ìtanràn ẹni tó bá ki ohun ìgbọ́rọ̀ sétí lórí kẹ̀kẹ́ jẹ́ yúrò 135. Kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì méjì àti agogo. Ní alẹ́ tàbí nígbà kùrukùru, iná funfun tàbí yẹ́lò níwájú, pupa lẹ́yìn, àti ẹ̀wù tó ń tàn bí ẹ bá wà lẹ́yìn ìlú. Nọ́mbà ìrànlọ́wọ́ ni 112.

Ní ti ọkọ̀ ojú irin, Paris-Austerlitz ni èyí tó ń lọ sí Cahors ti ń gbéra. Ẹ ra àyè kẹ̀kẹ́ pọ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì yín ní àkókò kan náà, torí àyè náà kì í pọ̀. Bí ìwé ìrìnnà yín bá jẹ́ ti Nàìjíríà, físà Schengen pọn dandan, ìwé ìgbélùú Bìrìtìkó nìkan kò tó. Ẹ tètè wá a.

Láti ìsinsìnyí títí dé oṣù kẹfà, ẹ fi Box Hill sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ lọ sí Leith Hill tàbí White Down, níbi tí òkè ti ga lójijì bí ti Lot. Ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́rin pẹ̀lú báàgì tí ẹ fẹ́ gbé lọ, kí ẹsẹ̀ má ṣe lọ sísàlẹ̀ 60. Bí ẹ kò bá lè mú 60 dúró lórí eyín 34 lẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì bá yín pààrọ̀ ti iwájú sí 50 àti 34. Àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 39, GS yóò gbà á.