Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Ìyá Nọ́ọ̀sì: Ìka Mi Ń Funfun Lẹ́yìn Òkun

ÌBÉÈRÈ: Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ọyẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, ẹni ọdún 52. Ìlú Brighton, ní etí òkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti ń gbé láti ọdún 17 sẹ́yìn. Láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ti kúrò nílé ni èmi àti àwọn obìnrin kan ládùúgbò ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun ní gbogbo Ọjọ́rú àti Sátidé, ìbáà jẹ́ ìgbà ooru tàbí ìgbà òtútù. Oorun tí kì í kun ojú mi tẹ́lẹ̀ ti ń wá, ọkàn mi sì ti balẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún méjì, bí mo bá jáde nínú omi, ìka mẹ́ta ní ọwọ́ mi méjèèjì máa ń funfun bí ẹfun, wọn a sì kú fún bí ìdajì wákàtí; bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń padà sínú wọn, wọn a máa ta mí gan-an. Lẹ́yìn tí mo bá ti wọṣọ tán ni ara mi tún máa ń gbọ̀n, débi pé tíì máa ń dà sílẹ̀ nínú ife ọwọ́ mi. Etí mi ọ̀tún máa ń dí fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, imú mi kì í sì í gbẹ. Mo ń lo atenolol fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo wá sílé fún ọdún Kérésì, mo sì lúwẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú ọ̀sà ní Ìwopin, ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí kò sì ṣẹlẹ̀. Màmá mi ní ayé ló fọwọ́ kan ìka mi, wọ́n ń fi àdín ra á, wọ́n sì fẹ́ kán an sí mi létí. Ìparí oṣù kìn-ín-ní ni mo máa padà. Ṣé kí n jáwọ́ nínú ìlúwẹ̀ẹ́ náà ni?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, lẹ́tà rẹ fúnra rẹ̀ ti dáhùn ìdajì ohun tí o bi mí. Omi ọ̀sà wa kì í sábà lọ sílẹ̀ ju bí ìwọ̀n 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kódà nígbà tí ọyẹ́ bá mú tí ètè gbogbo wa ń là. Ṣùgbọ́n òkun Brighton máa ń lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 7 sí 9 ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí ó máa ń tutù jù lọ. Òtútù ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín omi méjèèjì. Fi pẹ̀lẹ́ sọ fún màmá rẹ pé òótọ́ ni wọ́n rí pé nǹkan kan ń ṣe ìka rẹ, ṣùgbọ́n òtútù òkun náà ni, kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìka yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí oògùn tí o dárúkọ. Bí òtútù bá kan ara, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó wà ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ń fún pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ gbígbóná lè dúró sí àyíká ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró. Bẹ́ẹ̀ ni ara gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ti àwọn kan, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, máa ń fún ju bó ti yẹ lọ, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé ìka mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Dókítà ará Faransé kan, Maurice Raynaud, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1862, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe àìlera náà títí di òní. Atenolol àti àwọn ẹbí rẹ̀, irú propranolol, wà lára àwọn oògùn tí a mọ̀ pé wọ́n máa ń mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tutù, wọ́n sì lè mú kí ìka tó ń funfun burú sí i. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn wà, bíi nifedipine, tó ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àwọn dókítà sì máa ń lò ó fún àìlera Raynaud gan-an. Nítorí náà, béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ bóyá ó lè pààrọ̀ tìrẹ. Mo bẹ̀ ọ́ ní orúkọ Ọlọ́run, má ṣe dá atenolol dúró fúnra rẹ, nítorí bí a bá já a lójijì, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ ríru sì lè fò sókè lọ́nà tó léwu. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé o ti tó nǹkan bí ẹni àádọ́ta ọdún kí nǹkan yìí tó bẹ̀rẹ̀, sọ fún dókítà náà bí oríkèé bá ń ro ọ́ tàbí bí egbò bá yọ sí orí ìka rẹ. Ní tìrẹ, máa wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà tí àwọn òmùwẹ̀ ń lò kí o tó wọ omi, kì í ṣe lẹ́yìn tí ìka bá ti kú.

Gbígbọ̀n náà kò yà mí lẹ́nu. Nígbà tí o wà nínú omi, awọ àti ẹran apá àti itan rẹ ló ń tutù. Bí o bá ti jáde, òtútù yẹn a máa wọnú ara lọ, ooru inú ara a sì tún máa lọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i. Àkókò tí ènìyàn rò pé òun ti bọ́ gan-an ni ó yẹ kí ó ṣọ́ra jù. Àwọn òmùwẹ̀ ní òdiwọ̀n kan, pé kí ènìyàn má lò ju ìṣẹ́jú kan lọ fún ìwọ̀n òtútù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìṣẹ́jú 8 nínú omi tó wà ní 8. Fún ẹni tí ìka rẹ̀ ń kú, èmi fẹ́ kí ó dín sí bẹ́ẹ̀. Bí o bá jáde, bọ́ aṣọ tútù kíá, nu ara rẹ, wọ aṣọ sí apá òkè ara rẹ, kí o sì dé fìlà, kí o tó kan ìsàlẹ̀. Má ṣe sáré lọ sábẹ́ omi gbígbóná, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ lè ṣí lójijì kí òòyì sì gbé ọ ṣubú. Gbé ògì gbígbóná tó ní ṣúgà sínú fúláàsì lọ sí etí òkun, má gba ọtí líle lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, má sì wa ọkọ̀ títí ara rẹ kò fi ní gbọ̀n mọ́.

Ní ti etí, ọmọ Ìjẹ̀bú ni èmi náà, mo sì mọ bí àwọn ìyá wa ti gbẹ́kẹ̀ lé àdín tó. Kí wọ́n máa fi ra ọwọ́ rẹ kò burú. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí wọ́n kán an sí etí tí ẹnikẹ́ni kò tíì yẹ̀ wò, nítorí a kò mọ̀ bóyá awọ inú etí ti lu. Omi tútù àti atẹ́gùn òkun, bí ọdún ti ń gorí ọdún, máa ń mú kí egungun hù díẹ̀díẹ̀ nínú ihò etí, tí ihò náà yóò fi tóóró, tí omi àti ìdọ̀tí etí yóò sì há síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìdọ̀tí lásán; dókítà yóò fi iná wò ó. Máa fi ohun ìdíhò etí tí àwọn òmùwẹ̀ ń lò sí i, kí o sì dẹ́kun fífi igi òwú tọ́ ọ. Imú tó ń ṣomi jẹ́ iṣẹ́ òtútù àti iyọ̀ òkun, kì í ṣe òtútù àyà.

Nítorí náà, n kò ní kí o jáwọ́, bí dókítà rẹ bá ti yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ wò tí ó sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n o ti pẹ́ nínú ooru ilé, òkun tí o fẹ́ padà sí yóò sì ti tutù ju bí o ti fi í sílẹ̀ lọ. Omi tútù máa ń gba èémí lọ́wọ́ ènìyàn ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó sì máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Rọra wọ̀ ọ́, má fò sínú rẹ̀, má sì lúwẹ̀ẹ́ títí mímí rẹ yóò fi wálẹ̀. Bí àyà bá dùn ọ́, tàbí tí o bá ń wúkọ́ tí itọ́ rẹ ń hó tàbí tí ó ní ẹ̀jẹ̀, jáde, kí o sì pe àwọn tó ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kọ lẹ́tà sí mi ní oṣù kẹta, kí o sọ bí ìka náà ṣe ń ṣe, àti ohun tí dókítà sọ nípa atenolol.