Èsì: Ìgbín tó ń fò nínú òkun tútù

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní báwo ni Limacina helicina, ìgbín kékeré inú òkun Àkítíìkì, ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, ṣé òótọ́ sì ni pé omi lè jẹ ìkarahun rẹ̀.

Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ tí ìgbín mìíràn fi ń wọ́ nílẹ̀ ti di ìyẹ́ méjì lára tirẹ̀, òun ló ń jù fìrì fìrì bíi ti labalábá. Ìkarahun rẹ̀ mọ́ gaara débi pé ẹ ó rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Apá òsì ló sì lọ́ sí, èyí tó ṣọ̀wọ́n láàárín ìgbín. Bí ebi bá ń pa á, á ta àwọ̀n omi yíyọ̀ tó fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, á dúró jẹ́ẹ́, oúnjẹ á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ó wù mí púpọ̀!

Aragonite, ìyẹn èròjà líle kan bíi ẹfun, ni ìkarahun ọ̀hún, ó sì tètè máa ń yòrò. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì tí à ń tú sáfẹ́fẹ́ ń wọnú òkun, ó ń sọ omi di kíkan díẹ̀díẹ̀, omi tútù ló sì ń gbà á sára jù. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nìyẹn, torí ẹja salmon àti àbùùbùtán ń jẹ ìgbín yìí. Ní ti Clione limacina, ìbátan rẹ̀ tí kò ní ìkarahun, Limacina helicina yìí gan-an ni olórí oúnjẹ tirẹ̀.