Ìdí tí Warsman fi di ọ̀rẹ́ Kinnikuman

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ fẹ́ mọ bí Warsman, ajìjàkadì inú ìtàn alàwòrán Japan tí ń jẹ́ Kinnikuman, ẹni tí ó ṣe Ramenman, ajìjàkadì ẹgbẹ́ rẹ̀, léṣe bẹ́ẹ̀, ṣe wá di ọ̀rẹ́ Kinnikuman, akọni ìtàn náà. Ní tèmi, inú ìjà àṣekágbá àwọn méjèèjì ni ìdáhùn wà. Robin Mask, ajìjàkadì tí Kinnikuman ti ṣẹ́gun tẹ́lẹ̀, ni ó fi orúkọ Barracuda bojú, tí ó sì kọ́ akọni ilẹ̀ Soviet yìí ní ìjàkadì kí ó lè bá òun gbẹ̀san. Ìbínú ẹlòmíràn ni Warsman ń jà fún. Nígbà tí ìbòjú rẹ̀ ṣí, tí ojú rẹ̀ tí ó jẹ́ àdàlù ènìyàn àti ẹ̀rọ hàn sí gbangba, ẹlẹ́yà ni ó ń retí, ṣùgbọ́n Kinnikuman kò fi í rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà níwájú Buffaloman, ọ̀tá wọn, tí ìwọ̀n agbára tirẹ̀ nínú ìtàn náà jẹ́ mílíọ̀nù 10. Mílíọ̀nù 1 péré ni ti Warsman. Ó lo èékánná irin méjì dípò ẹyọ kan, agbára rẹ̀ sì di ìlọ́po méjì, ó fò sókè ní ìlọ́po méjì, ó sì yí ara rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ wá di mílíọ̀nù 12 (ìṣirò tí olùkọ́ kankan kò ní fọwọ́ sí). Síbẹ̀, ìwo Buffaloman kan ṣoṣo ni ó rí ṣẹ́ kí ó tó ṣubú.