Wọ́n fẹ́ yọ ilé ọmọ mi, ṣé ọjọ́ 40 ni mi ò ní kírun?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù alékun Àáfà wa. Ọmọ ọdún 47 ni mí, ìdí aró àdìrẹ ni mo wà ní Ìtòkú níbí. Fáíbúrọ́ìdì ti ń yọ mí lẹ́nu ó ti tó ọdún 3, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà fún ọjọ́ 20 láìdá, wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ti wá ní ká yọ gbogbo ilé ọmọ kúrò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, ọkọ mi náà ti fọwọ́ sí i. Àwọn ìyá àdúgbò wa ló ń dẹ́rù bà mí, wọ́n ní ẹni tí wọ́n yọ ilé ọmọ ẹ̀ dà bí ẹni tó bímọ, mi ò gbọ́dọ̀ kírun títí ọjọ́ 40 á fi pé. Ẹnìkan tiẹ̀ ní mo fẹ́ yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Báwo ni màá ṣe ṣe àlùwàlá lórí bẹ́ẹ̀dì, báwo ni màá ṣe kírun?

ÌDÁHÙN: Wàláékúmù sàlámù, ìyá wa. Ẹ kú ìfaradà, Ọlọ́hun á jẹ́ ká gbóhùn ayọ̀.

Kí n kọ́kọ́ fèsì èyí tó ń dà yín láàmú jù. Ẹ ò ní fi ìrun sílẹ̀ fún ọjọ́ 40 o, kódà ẹ ò ní fi ọjọ́ kan sílẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ tó bá ń jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Àwọn ìyá wa yẹn ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, wọ́n kàn fi nǹkan wé nǹkan ni, wọ́n rí i pé obìnrin dùbúlẹ̀ sọ́sibítù, abẹ kan ikùn ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bọ̀ lábẹ́ ẹ̀, wọ́n ní ìkúnlẹ̀ abiyamọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ló máa ń ṣáájú ẹ̀jẹ̀ ìbímọ, níbí ta ló bímọ? Abiyamọ gan-an, tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá dá lọ́jọ́ 15, ó máa wẹ̀ ó máa kírun ni, kò sí pé ó ń dúró de 40. Ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù náà, ara ògiri inú ilé ọmọ ló ti máa ń já wá, wọ́n sì ti gbé ilé náà lọ tògiri tògiri. Ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ ló kù, kò yàtọ̀ sí èyí tó máa dà tí ọ̀bẹ bá bù yín lọ́wọ́ níbi tẹ́ ẹ ti ń rẹ́ ẹ̀fọ́.

Fátímà ọmọ Abú Hubaysh lọ bá Ànọ́bì (ikẹ́ Ọlọ́hun kó máa bá a), ó ní ẹ̀jẹ̀ òun kì í dá, ṣé kí òun fi ìrun sílẹ̀ ni? Ànọ́bì ní rárá, iṣan ni ìyẹn, kì í ṣe nǹkan oṣù, tí ọjọ́ nǹkan oṣù bá kọjá kó fọ ẹ̀jẹ̀ nù kó máa kírun. Bukhari àti Muslim ló gba hádíìsì yìí wá. Ẹ wá wò ó o, ilé ọmọ obìnrin yẹn ṣì wà níkùn ẹ̀, wọ́n sì ní kó kírun, ká ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ẹni tí tiẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́? Ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ kàn yín láti ẹ̀yìn wá, torí àwa tá à ń tọ ọ̀nà Máálíkì (ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́rin táwọn mùsùlùmí fi ń tẹ̀lé òfin ẹ̀sìn), ọjọ́ 15 ni òpin nǹkan oṣù, ọjọ́ 20 tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, àìsàn ti wà nínú ẹ̀. (Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ yọ fún yín o. Ẹni tí wọ́n bá fi ọrùn ilé ọmọ sílẹ̀ fún, tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wá ń yọjú lóṣooṣù lásìkò kan náà, kó padà wá bi mí, ìyẹn lọ́rọ̀ nínú.)

Nǹkan kan wà táwọn èèyàn kì í rántí. Tó bá jẹ́ pé inú nǹkan oṣù gan-an lẹ bá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, nǹkan oṣù ti parí lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ilé ọmọ, ìwẹ̀ ìmọ́ra ti di dandan, ẹ ò sì lè da omi sí ojú iṣẹ́ abẹ. Tàyámọ́mù (ká fi erùpẹ̀ tàbí òkúta mímọ́ pa ojú àti ọwọ́ dípò omi) lẹ máa ṣe dípò ìwẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ máa kírun lọ, tójú ọgbẹ́ bá san tí dókítà ní ẹ lè wẹ̀, ẹ wá wẹ̀ ẹ́. Ẹ má sọ pé ẹ lè gbà á mọ́ra. Ìgbà ayé Ànọ́bì, ọkùnrin kan ní ọgbẹ́ lórí, ìwẹ̀ kàn án, àwọn tí wọ́n jọ wà ní dandan ni kó fomi wẹ̀, ó wẹ̀ ẹ́ ó kú, inú sì bí Ànọ́bì gidigidi, ó ní wọ́n ti pa á, kí ló dé tí wọn ò béèrè nígbà tí wọn ò mọ̀.

Àlùwàlá yín ò ní wàhálà púpọ̀, ikùn ò sí lára ibi tá à ń fọ̀. Kí ẹni tó dúró tì yín gbé abọ́ wá kó bu omi sí yín lọ́wọ́, níbi tí abẹ́rẹ́ dírípù bá wà ẹ fọwọ́ tútù pa á lórí. Tó bá jẹ́ pé omi ò ṣeé ṣe rárá ni tàyámọ́mù kàn. Nígbà tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí fún àbúrò mi obìnrin, mo wá òkúta kan tó mọ́ tó tẹ́jú, mo fọ̀ ọ́, mo dì í sínú nájọ̀n fún un lọ sí wọ́ọ̀dù, òkúta tó fún wa torí Máálíkì gbà á, ta ló sì máa wá òkúta tì l'Ábẹ́òkúta? Nígbà tó fi máa dàárọ̀ nọ́ọ̀sì ti gbé e jù sí bíìnì, ó ní ta ló kó pàǹtí wọlé. Ọmọ mi ló tún wá òmíì lọ lọ́sàn-án, a kọ̀wé sára nájọ̀n yẹn gàdàgbà pé ÌRUN NI. Ẹ fọwọ́ méjèèjì lù ú, ẹ fi pa ojú, ẹ tún un lù, ẹ fi pa ọwọ́, ó parí.

Tí rọ́bà ìtọ̀ bá wà lára yín, tí àpò ẹ̀ so mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa kírun lọ bẹ́ẹ̀, àforíjì ni. Tí bẹ́ẹ̀dì ò bá kọjú sí kíbílà tí kò sì sẹ́ni tó lè yí i, ibi tẹ́ ẹ bá kọjú sí náà nìyẹn. Ànọ́bì sọ fún Imran ọmọ Husayn nígbà tí jẹ̀díjẹ̀dí ń dà á láàmú pé kó dúró kírun, tí kò bá lè dúró kó jókòó, tí kò bá lè jókòó kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ẹ fi orí júwe rùkúù (ìtẹ̀ríba inú ìrun), ẹ jẹ́ kí ti ìforíkanlẹ̀ rẹlẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ dìde rìn lọ́jọ́ kejì ẹ dìde o, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí yín lẹ́sẹ̀, ẹ má fi àdúà rọ́pò ìrìn.

Ní ti àsìkò, tó bá jẹ́ ọ̀sán ni wọ́n fẹ́ gbé yín wọlé, tí Àyìlà ti wọlé tẹ́ ẹ sì mọ́, ẹ kí Àyìlà àti Alaásárì pọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, Máálíkì gbà á fún aláìsàn tó ń bẹ̀rù pé iyè òun fẹ́ lọ. Èyí tó bá bọ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ oorun wà lára yín, ẹ san án tẹ́ ẹ bá jí, bí ẹní sùn ni. Àwọn onímímọ̀ ní àríyànjiyàn lórí ẹni tó dákú, ṣùgbọ́n oorun wákàtí díẹ̀ tí ẹ fọwọ́ ara yín gbà, sísan ẹ̀ ló fini lọ́kàn balẹ̀.

Pé ẹ yí ẹ̀dá padà? Kò rí bẹ́ẹ̀ jàre. Ànọ́bì ní ẹ máa gbàtọ́jú ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ẹ̀yin sì ti dé ibi tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Tó bá jẹ́ ọmọdébìnrin tó ṣì ń wọ́mọ ni, màá ní kó bi dókítà bóyá fáíbúrọ́ìdì nìkan ni wọ́n lè kó kúrò. Tí dókítà obìnrin bá wà ẹ bèèrè fún un, tí kò bá sí, ọkùnrin á ṣe é.

Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ ka gbèsè ààwẹ̀ tó wà lọ́rùn yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Owó oníbàárà tó wà lọ́wọ́ yín àti èyí táwọn èèyàn jẹ yín, ẹ kọ ọ́ fọ́mọ, kì í ṣe pé ẹ fẹ́ kú, Ànọ́bì ló ní kí mùsùlùmí tó ní nǹkan tó fẹ́ sọ àsọsílẹ̀ má sun òru méjì láìkọ ọ́. Ẹ sọ gbogbo àgbo tẹ́ ẹ ń mu fún dókítà, òmíì máa ń jẹ́ kẹ́jẹ̀ ó dà ju bó ṣe yẹ. Tí wọ́n bá ní ẹ má jẹ ẹ má mu, omi sámsámù náà wà nínú ẹ̀ o, torí ẹni tó bá bì lójú oorun yẹn, ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Tírà tó wà lápá yín, wọ́n á ní kẹ́ ẹ tú u, èmi náà ò sì rí ìdí tẹ́ ẹ fi tún un so tẹ́ ẹ bá délé.

Ilé ọmọ tí wọ́n yọ, sínsin ló dáa. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń gbé e lọ yẹ̀ wò bóyá jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ìyẹn ná.

Bàbá náà ńkọ́? Pé ẹ̀jẹ̀ náà kì í ṣe nǹkan oṣù ò sọ pé kó sún mọ́ yín o, ọ̀sẹ̀ 6 tí dókítà máa ń dá, kó pé, kí wọ́n sì yẹ̀ yín wò. Ọ̀sẹ̀ 6 yẹn náà lẹ ò ní gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ẹ ò ní fa aṣọ tútù nínú ìkòkò aró, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa fà á. Tí ààwẹ̀ bá bọ́ síbẹ̀, àìsàn ni yín, ẹ jẹun, ẹ san án tó bá yá. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tó ń dúdú lọ, kò burú. Tó bá wá pọ́n yòò tó ń kún páàdì láàárín wákàtí kan, tàbí ó ń rùn, tàbí ibà gbé yín, ẹ má pe àáfà, ọ́sibítù ni kẹ́ ẹ sáré lọ.

Òkúta àbúrò mi yẹn ṣì wà lójú fèrèsé wa pẹ̀lú nájọ̀n ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ rán ọmọ wá mú un kó tó dọjọ́ yẹn.