Ṣúgà Gbọ́dọ̀ Wà Nínú Kíláàsì: Ìdáhùn Sí Lẹ́tà Yín Lórí Ọmọ Tó Ní Àtọ̀gbẹ

Lẹ́tà lórí àtọ̀gbẹ ọmọdé, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, ló pọ̀ jù nínú àpótí wa lóṣù yìí. Àbújá àti òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ti wá. A mú márùn-ún. Iye ínsúlínì (abẹ́rẹ́ tó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀) tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbà wà lọ́wọ́ dókítà rẹ̀, a ò ní fọwọ́ kan ìyẹn. Wákàtí tí ọmọ fi wà nílé ìwé, tí kò sí lójú ìyá tàbí bàbá, ni ọ̀rọ̀ wa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 6 ni ọmọbìnrin mi, ó wà ní Primary 1. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti sọ pé ó ní àtọ̀gbẹ. Mixtard la fi ń gún un, láàárọ̀ àti lálẹ́. Nílé, kò sí wàhálà. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni tíṣà rẹ̀ ti pè mí pé ó ń sùn nínú kíláàsì lọ́wọ́ aago 12, òógùn sì ń bò ó. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n kó gbogbo nǹkan rẹ̀ sí ọ́fíìsì òun kí àwọn ọmọ yòókù má baà fi ṣeré. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? (Ìyá ọmọ, Kubwa, Àbújá)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó jọ pé ọmọ yín kò sùn rárá, ṣúgà rẹ̀ ló já wálẹ̀. Aago 12 tí ẹ dárúkọ yẹn ló tú àṣírí rẹ̀.

Ínsúlínì oríṣi méjì ló wà nínú ìgò Mixtard 30. Ìdá 30 nínú 100 máa ń yára ṣiṣẹ́, ìdá 70 tó kù máa ń lọ́ra. Bí ẹ bá gún un ní aago 6:30, èyí tó yára á lágbára jù láàárín nǹkan bí aago 8:30 sí 10:30. Bí ìyẹn ṣe ń rọlẹ̀ ni èyí tó ń lọ́ra á dé, á sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí ọ̀sán fi lọ. Ínsúlínì tó ti wọ ara kò ṣeé fà jáde. Bí kò bá rí oúnjẹ pàdé, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni yóò máa fà sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìpápánu aago 10 fi jẹ́ ara ìtọ́jú. Kì í ṣe pé a ń kẹ́ ọmọ. Búrẹ́dì ẹ̀là kan pẹ̀lú ẹyin, tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kékeré kan pẹ̀lú ẹ̀pà díẹ̀, ti tó. Kúlíkúlí nìkan kò lè dúró fún un, nítorí ohun tó ń di ṣúgà nínú rẹ̀ kò pọ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán má sì kọjá aago 12:30. Bí kíláàsì yòókù bá ń jẹun ní aago 1:30, kí tíṣà jẹ́ kó jẹ tirẹ̀ ṣáájú.

Ní ti ọ́fíìsì, rárá o. A fẹ́ kí ọ̀gá ilé ìwé gbọ́ èyí dáadáa: ọ̀gá lè lọ sí ìpàdé, kó ti ilẹ̀kùn, kó mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ wà ní 50 lórí òṣùwọ̀n mg/dL kò lè máa gun àtẹ̀gùn wá kọ́kọ́rọ́ kiri. Ṣúgà gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ tíṣà á ti tó o láìdìde jìnnà.

Ẹ wá ike kan tó ní ìdérí, ẹ kọ orúkọ ọmọ sí i gàdàgbà. Ẹ bu ṣúgà tí a ń fi sí tíì, ṣíbí ìmutíì méjì àbọ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà dọ́gba. Gíráàmù 10 nìyẹn, òun sì ni ìwọ̀n tó bá ọmọ ọdún 5 sí 11 mu. Ẹ dì í sínú ọ̀rá kékeré, kí ẹ so ó. Ẹ ṣe irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún sínú ike náà, kí ẹ fi omi ìgò kékeré kan tì í, pẹ̀lú bisikíìtì, mítà ṣúgà, sítírípù rẹ̀ tí a ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, àti abẹ́rẹ́ tí a fi ń gún ìka. Ìdí tí a fi ní kí ẹ wọ̀n ọ́n sílẹ̀ láti ilé ni pé ẹ̀rù á ti máa ba tíṣà lọ́jọ́ náà, kò sì ní rántí iye ṣíbí.

Kí tíṣà mọ àmì rẹ̀: òógùn, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, ebi òjijì, kí ọmọ máa kanra tàbí kó máa sunkún láìnídìí, kó máa wò bọ̀ọ̀. Kí ó wo ìwé rẹ̀ náà. Ọmọ tó ń kọ lẹ́tà sórí ìlà láàárọ̀, tí lẹ́tà rẹ̀ ṣàdédé di wúruwùru tó ń bọ́ kúrò lórí ìlà, ẹ wọn ṣúgà rẹ̀.

Kí ó tó wọ̀n ọ́n, ẹ fọwọ́ ọmọ, kí ẹ nù ún gbẹ. Lásìkò máńgòrò, omi máńgòrò tó bá kù lórí ìka lè mú kí mítà pe ṣúgà tó ti já sílẹ̀ ní 250. Ẹ̀gbẹ́ ìka ni kí ẹ gún, kì í ṣe àárín rẹ̀. Bí mítà bá pè é ní 69 tàbí ohun tó kéré sí i, kí ọmọ jókòó, kí ẹ po ọ̀rá ṣúgà kan mọ́ omi díẹ̀, kó mu ún tán. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá tíì pé 70, ọ̀rá kejì ló kàn. Tó bá ti gòkè, tí oúnjẹ rẹ̀ sì ṣì tó wákàtí kan, kó jẹ bisikíìtì kí ó má baà tún já. Bí mítà kò bá sí nítòsí, ẹ má dúró dè é, ẹ fún un ní ṣúgà. Ẹ má fi ṣokoléètì ṣe é, òróró inú rẹ̀ máa ń dá ṣúgà dúró. Mínírà tí wọ́n kọ “zero” sí lára kò ní ṣúgà nínú, kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ẹ má rán an lọ nìkan, ì báà ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí yàrá nọ́ọ̀sì. Ó lè dákú lójú ọ̀nà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i.

Sítírípù wọ́n, a mọ̀. Bí méjì péré ni agbára yín ká fún wákàtí ilé ìwé, ẹ lo ọ̀kan ṣáájú oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹ lo ìkejì kí ó tó wọ bọ́ọ̀sì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè sọ ìrìn ogún ìṣẹ́jú di wákàtí méjì, kí ọ̀rá ṣúgà kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ń mójú tó àwọn ọmọ nínú bọ́ọ̀sì náà.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà ni mí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ kan tó ní àtọ̀gbẹ wá sí kíláàsì mi. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí gìrì má gbé e. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kí n tọ́jú ṣíbí àti àgbo gìrì sínú dúrọ́ọ̀ mi. (Olùkọ́, Minna)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tọ́jú ìkankan nínú méjèèjì. Ṣúgà tó já jù lè mú kí gìrì gbé ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí gìrì gbé tàbí tó dákú kò lè gbé nǹkan mì. Ohunkóhun tí ẹ bá rọ sí i lẹ́nu, omi ṣúgà, epo tàbí àgbo, inú ẹ̀dọ̀fóró ló lè gbà lọ. Ṣíbí á ṣẹ́ eyín rẹ̀. Èyí tó burú jù ni àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù pò, nítorí òun fúnra rẹ̀ máa ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹ wá fi sọ́rùn ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ ti tán tẹ́lẹ̀!

Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lé ilẹ̀, ẹ ká nǹkan líle kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, kí ẹnì kan máa pe òbí bí ẹlòmíràn ti ń wá ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ glucagon, tó máa ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Ìdajì mìlígíráàmù ni ti ọmọ tí kò tó kílò 25, mìlígíráàmù kan ni ti ọmọ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò rọrùn láti rí lọ́jà wa. Bí òbí bá rí i rà, kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí a ṣe ń pò ó àti bí a ṣe ń gún un sí itan kí ọjọ́ ìnira tó dé. Bí kò bá sí, ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù lọ ni ọ̀nà. Kí ẹ ti mọ ilé ìwòsàn náà àti ẹni tó máa wa ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 9 ni ọmọkùnrin mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ń gba abẹ́rẹ́ lójúmọ́, nọ́ọ̀sì ilé ìwé ló ń gún ti ọ̀sán. Nítorí ooru àti iná tí kì í dúró, mo ra kúlà kékeré, mo ń to yìnyín sí i, ìgò ínsúlínì ilé ìwé á sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, ṣúgà rẹ̀ kì í kúrò ní 300 ní ìrọ̀lẹ́. Àárọ̀ rẹ̀ dáa. (Bàbá ọmọ, Sabon Gari, Kano)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ wò ó: ìgò tó wà nílé ń ṣiṣẹ́, ìgò tó wà lórí yìnyín kò ṣiṣẹ́. Ó jọ pé ó ti dì. Bí ẹyin tí a ti sè kì í ṣeé sọ di tútù mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ínsúlínì tó ti dì nígbà kan rí. Ó lè yọ́, kó sì mọ́ gaara lójú, àmọ́ agbára rẹ̀ ti lọ. Ẹ sọ ọ́ nù lónìí. Ẹ má ní kí wọ́n fi kún ìwọ̀n rẹ̀.

Ìgò tí a kò tíì ṣí ló ń gbé inú fíríìjì, ní ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó jìnnà sí fírísà. Èyí tí a ti ṣí kò nílò yìnyín. Ó lè wà níta fún ọjọ́ 28 bí ibẹ̀ kò bá gbóná kọjá 30. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí i sára rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kano lóṣù Kẹrin ń kọjá 40, nítorí náà ẹ ṣe ìkòkò méjì. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, ló mú ìkòkò inú ìkòkò yìí gbajúmọ̀ nítorí ẹ̀fọ́ àti tòmátì, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Rolex lé e lórí lọ́dún 2000. Ó wúlò fún ínsúlínì náà.

Ẹ ra ìkòkò amọ̀ ńlá kan àti kékeré kan tó lè wọ inú rẹ̀. Kí ó jẹ́ amọ̀ lásán tí wọn kò kùn, torí omi gbọ́dọ̀ lè jáde lára rẹ̀. Ẹ da iyanrìn odò sí ìdí ńlá, ẹ gbé kékeré lé e, ẹ fi iyanrìn dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó tó ìka mẹ́ta níbùú. Ẹ bu omi rin iyanrìn náà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Inú ike tí omi kò lè wọ̀ ni kí ìgò ínsúlínì wà. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ sí ibòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹ má tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń gbẹ omi náà ló ń mú un tutù. Lásìkò ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa jù. Lásìkò òjò agbára rẹ̀ máa ń dín kù, àmọ́ ooru náà ti rọlẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ ra tẹmómítà olówó pọ́ọ́kú kan sínú rẹ̀ kó má jẹ́ àfojúdá.

Ohun kan kù. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ pa ibi tó ń gún. Bí kókó rírọ̀ bá ti wà níbẹ̀, kó kúrò níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ínsúlínì kì í gba inú kókó wọlé dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Mítà àtijọ́ bàjẹ́, ọkọ mi ra tuntun. Àtijọ́ máa ń pe ṣúgà ọmọ mi ní 110, 140. Tuntun pè é ní 6.8, tíṣà sì ti sáré fún un ní ṣúgà. (Jos)

ÌDÁHÙN: Òṣùwọ̀n méjì ni: mg/dL ni ti àtijọ́, mmol/L ni ti tuntun. Ẹ fi 18 sọ nọ́ńbà kékeré di púpọ̀: 6.8 jẹ́ nǹkan bí 122, ọmọ náà wà dáadáa. Ẹ lẹ èyí mọ́ ìdérí ike: 3.9 ni 70, 10 ni 180, 14 ni 250. Bí mítà bá kọ “Lo”, ṣúgà ti já kọjá ohun tó lè kà, ẹ tọ́jú rẹ̀ kíá. Bí ó bá kọ “Hi”, kì í ṣe ìkíni, ṣúgà ti ga kọjá ohun tó lè kà, ilé ìwòsàn ni. Bákan náà ni ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ kọjá 250 tó tún ń bì, tí inú ń run, tó ń mí gúlegúle. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ pè é ní ibà kó fún un ní oògùn kó lọ sùn. Ọmọ tí ṣúgà rẹ̀ ga á sì máa béèrè omi, á máa tọ̀ léraléra. Kí tíṣà jẹ́ kó máa lọ, kí ẹnì kan tẹ̀lé e.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, ọdún 8, ní òun fẹ́ gbààwẹ̀ bí àwọn ọ̀rẹ́ òun. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni wọ́n máa ń ṣe ọjọ́ ìbí ní kíláàsì wọn, kéèkì ni ṣáá. Mixtard lòun náà ń gbà. (Ìyá ọmọ, Kaduna)

ÌDÁHÙN: Ọmọ tí kò tíì bàlágà, ààwẹ̀ kò tíì di dandan fún un. Kùránì pàápàá yọ̀ǹda aláìsàn, ní Súrà kejì. Ọmọ tó ń gba ínsúlínì kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ du ara rẹ̀ láti ìdájí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kó bá ilé jí sàárì, kó bá wọn ṣínu, kó máa kó dàbínù fún bàbá rẹ̀. Àwọn olóúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ dáná lọ́sàn-án nínú oṣù náà, nítorí náà ẹ di oúnjẹ rẹ̀ láti ilé, kí tíṣà fún un ní ibi tí yóò ti jẹ ẹ́ láìsí pé àwọn yòókù ń bú u.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ní ewu tirẹ̀: bí ilé ìwé bá pa ní aago 12, ọmọ lè wà lójú ọ̀nà lásìkò tó yẹ kó máa jẹun. Kó jẹun tán kó tó jáde.

Ẹ má fi kéèkì dù ú pátápátá. Ọmọ tí wọ́n ń fi dù á jẹ ẹ́ nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ibi tí 280 ti wá. Ẹ̀là kékeré kan lè rọ́pò búrẹ́dì aago 10 lọ́jọ́ náà, mínírà àti èyí tó kù nínú ọ̀rá ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí á bọ̀ wálé. Ẹ bẹ tíṣà kó máa pè yín lálẹ́ Alámísì bí ọjọ́ ìbí bá wà lọ́jọ́ kejì, kí ẹ má baà tún di búrẹ́dì mọ́ ọn.