Ṣé ọ̀rá ẹja lè wo àtọ̀gbẹ màmá mi?

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní tirigiliséríìdì ló máa ń dín kù nínú ẹ̀jẹ̀, torí omega-3, ìyẹn irú ọ̀rá kan tó wà nínú ẹja, kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ ṣe é jáde púpọ̀. Ṣúgà kì í fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, kí màmá má pa oògùn dókítà tì. Sàdíìnì tàbí màkẹ́rẹ́ẹ̀lì láti ọjà Ouando, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ti tó. Ẹ fi ata àti tòmátì sè é. Èyí tí wọ́n dín gbẹ nínú òróró lẹ́bàá títì Àjàṣẹ́ kọ́ ni mo ń wí. Oníhóró omega-3 gíráàmù 4 lójúmọ́, dókítà ló ń kọ ọ́. Oníhóró yìí lè da ìlùkìkì ọkàn rú.